Ìgbẹ́ Ẹlẹ́jẹ̀ Tí Kò Lọ: Ohun Tí Àyẹ̀wò Lè Fi Hàn

Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ní Mushin kì í wá orúkọ àìsàn náà jìnnà. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, á ra àgbo. Tàbí wọ́n á ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, á lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Lóòótọ́, kòkòrò ló sábà máa ń fà á níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ tó ń padà, tí ẹni náà sì ń rù, ó lè jẹ́ àrùn Crohn tàbí ulcerative colitis, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń bá ìfun fúnra rẹ̀ jà títí á fi wú, tí á sì dégbò.

Èròjà méjì ló sábà máa ń tú àṣírí ìfun tó wú.

Inú ẹ̀jẹ̀ la ti ń wá èyí àkọ́kọ́, CRP. Ibi tó ń wú á tú èròjà IL-6 jáde; bí ìyẹn bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CRP. Lọ́dún 1930, ara àwọn tí òtútù àyà ń ṣe ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Tillett àti Francis ti rí ipa rẹ̀ ní New York. Nítorí náà, CRP kò lè sọ pé ìfun ló ń wú. Ìfun ẹlòmíràn sì lè máa wú kí CRP rẹ̀ má gòkè rárá.

Èkejì, calprotectin, sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ìgbẹ́ la ti ń wá a. Neutrophil, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ló kún fún un, ó sì ń fi í gba zinc mọ́ kòkòrò lọ́wọ́ kí wọ́n má baà bí sí i. Bí ìfun bá wú, neutrophil á rọ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì bá ìgbẹ́ jáde. Bí iye calprotectin kò bá tó 50 máíkírógíráàmù nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan, kò dà bíi pé ìfun ń wú. Bí ó bá ju 250 lọ, ó yẹ kí dókítà wádìí dáadáa. Bí ó bá wà láàárín, wọ́n lè tún un ṣe.

Àmọ́ kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń gbé calprotectin sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ibuprofen àti diclofenac tí à ń lò sí ara ríro. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kòkòrò nínú ìgbẹ́, kó sì ro ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó lè wọ ìfun. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi kámẹ́rà wo ìfun ní ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọn yóò sì gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nínú ìgbẹ́ yín, ẹ má kàn máa pààrọ̀ àgbo. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún un.