Ìfura Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Ka Ìwà Ọ̀daràn

Inú ẹ̀dá jìn, ojú kò tó o. Síbẹ̀, bí ọ̀daràn tilẹ̀ nu àmì ìka rẹ̀ kúrò lára ohun gbogbo, kò lè nu ìwà rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Orí òye yìí ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ka ìwà ọ̀daràn dúró lé: wọn a wo ibi tí aburú ti ṣẹlẹ̀, àkókò tí ọ̀daràn yàn àti irú ẹni tí ó dojú kọ, wọn a sì júwe irú ènìyàn tí ó yẹ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa wá.

Láti 1940 ni ẹnìkan ti ń fi bọ́ǹbù pamọ́ káàkiri New York, títí dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti ilé sinimá, tí ó sì ń kọ lẹ́tà ìbínú nípa Con Edison, iléeṣẹ́ mànàmáná ìlú náà. Ní 1956, ọlọ́pàá kó àwọn lẹ́tà náà tọ James Brussel, oníṣègùn ọpọlọ, lọ, òun sì ní àpọ́n tí ó ti kọjá ogójì ọdún ni, tí ó di iléeṣẹ́ náà ní kùnrùngbùn. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a: ní Oṣù Kìn-ín-ní 1957, Alice Kelly, akọ̀wé iléeṣẹ́ náà, tú fáìlì àtijọ́ títí ó fi kan ìwé George Metesky, òṣìṣẹ́ tí ó farapa ní 1931, tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún owó ìpalára já sí asán, tí ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ sì bá ti lẹ́tà wọ̀nyẹn mu. Brussel júwe irú ẹni tí ó jẹ́. Fáìlì ni ó dárúkọ rẹ̀.

Ní 1972, FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún ìmọ̀ yìí ní Quantico, láti ibẹ̀ sì ni Robert Ressler àti John Douglas ti wọ inú ẹ̀wọ̀n lọ bá àwọn apààyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní London. Ní 1992, wọ́n pa ìyá ọlọ́mọ kan lójú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì ní Wimbledon Common. Onímọ̀ kan júwe apààyàn náà, ọlọ́pàá rò pé ọkùnrin kan báyìí ni, wọ́n sì rán ọlọ́pàá obìnrin sí i bí olólùfẹ́, kí ọkùnrin náà lè jẹ́wọ́; kò jẹ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n tì í mọ́lé. Ní 1994, Adájọ́ Ognall da ẹ̀rí tí wọ́n fi ẹ̀tàn kó jọ yìí nù. Ní 2008, lẹ́yìn àyẹ̀wò DNA, ẹlòmíràn jẹ́wọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni yìí kan náà ni ó ti pa ìyá mìíràn àti ọmọ rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 1993, nígbà tí ọkùnrin aláìṣẹ̀ náà wà ní àtìmọ́lé.

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n a kì í fi ìfura dá ẹjọ́. Kí onímọ̀ ìwà tọ́ka sí ibi tí a óò wá, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá ẹ̀rí tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ̀rí bá sì kọ̀ tí kò bá àpèjúwe mu, àpèjúwe ni kí wọ́n sọ nù, kí wọ́n má ṣe sọ ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n.