Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Bá Já, Iṣẹ́ Yín Kò Gbọdọ̀ Bàjẹ́

Ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa tó ń fi SSH ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ mọ̀ pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lójijì, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí lè dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní tmux, tó ti wà láti ọdún 2007, ń dènà àdánù yìí, nítorí orí kọ̀ǹpútà ọ̀hún gan-an ló ti ń tọ́jú iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ: tmux new -s ise

Bí ìsopọ̀ bá já, ẹ fi SSH padà wọlé, kí ẹ tẹ: tmux attach -t ise

Ẹ ó bá iṣẹ́ yín lẹ́nu ibi tó dé. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún fúnra rẹ̀ bá kú, tmux kò lè gbà á là. Ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín.