Irọ́ Ni Ó Ń Ba Ọlọ́pàá Jẹ́ Ju Igbó Lọ

Nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbọdọ̀ kọ èsì sí, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbé gègé sílẹ̀ kí wọ́n sì máa wo òrùlé. Kò kan ìwé ẹ̀rí, kò sì kan gbèsè. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ o ti mu igbó rí, tàbí kókéènì, tàbí egbòogi olóró mìíràn? Bí o bá ti mu ún, nígbà wo ni, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni? Ẹni tí kò fi ẹnu kàn án rí yóò kọ "rárá", yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí ó mu ún ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ó sì ti jáwọ́ pátápátá, kọ sílẹ̀?

Àwa wí pé kí ó kọ òtítọ́. A mọ̀ dájú pé àwọn àgbà kan yóò fà á sí kọ̀rọ̀, wọn yóò sì bi í pé, "Ta ni ó rí ọ? Ta ni yóò lọ sọ?" Ìmọ̀ràn ìfẹ́ ni lójú wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ó lè pa ọmọ lára ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kò kàn wá, kí ó jọ̀wọ́ ka iye ọmọ tí ó ti àdúgbò rẹ̀ lọ sí Houston tàbí Chicago, kí ó ka àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ mọ́ wọn, kí ó tó tún sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ ọlọ́pàá jẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọn àti kóńdó ni irinṣẹ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ tí ó ga jùlọ ni ẹnu rẹ̀. Òun ni yóò dúró níwájú adájọ́, tí yóò búra, tí yóò sì wí pé, "Mo rí ọkùnrin yìí, mo sì bá ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ni a fi ń rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n, nígbà mìíràn, kò sí ẹ̀rí mìíràn bí kò ṣe òun nìkan. Ọlọ́pàá tí a kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ dà bí gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò ní ayùn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ èyí di òfin. Ní ọdún 1963, nínú ẹjọ́ kan tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Brady, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn pàṣẹ pé agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rí tí ó lè ran ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lọ́wọ́ pamọ́. Ní ọdún 1972, nínú ẹjọ́ Giglio, wọ́n mú un yé gbogbo ènìyàn pé ohunkóhun tí ó bá lè mú kí a ṣiyèméjì sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ìjọba wà lára ohun tí a gbọdọ̀ fi hàn. Láti ìgbà náà wá, irọ́ tí ọlọ́pàá bá pa ti di ẹrù tí yóò máa rù kiri. Bí a bá rí i pé ó purọ́ nínú ìwé tí ó fi gba iṣẹ́, agbẹjọ́rò ìjọba lè ní láti sọ ọ́ fún agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́, nínú ẹjọ́ yìí, nínú èyí tí ó tẹ̀lé e, títí lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ irú àwọn ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ sí, orúkọ Brady yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sínú rẹ̀ lè wọ aṣọ ọlọ́pàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é wá jẹ́rìí?

Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí ẹjọ́ O. J. Simpson ní ọdún 1995. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, Mark Fuhrman, búra nílé ẹjọ́ pé láàárín ọdún mẹ́wàá tí ó ti kọjá, òun kò fi ọ̀rọ̀ èébú kan báyìí pe ènìyàn dúdú. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé téèpù jáde, ohùn òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà léraléra. Òun yìí kan náà ni ó sọ pé òun rí ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Simpson. Ìgbìmọ̀ ènìyàn méjìlá tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá Simpson sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1996, Fuhrman kò bá ilé ẹjọ́ jiyàn lórí ẹ̀sùn ìbúra èké. Ọ̀rọ̀ igbó kọ́ ni a ń sọ níbẹ̀, kì í sì í ṣe irọ́ náà nìkan ni ó ba ẹjọ́ yẹn jẹ́. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé rí ni bí irọ́ kan tí kò kan ìpànìyàn rárá ṣe wá jókòó sí àárín ẹjọ́ ìpànìyàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn tí ń ṣe òfin náà sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Ẹ wo FBI, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ní ìgbà kan, òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá ti mu igbó ju ìgbà 15 lọ ní gbogbo ayé rẹ̀ kò lè bá wọn ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ogún ọdún ni ó ti fi í sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ ilé ìwé wo ni ó ń mu igbó tí ó ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé bí akọ̀wé báńkì? Ẹni tí ó mu ún ní ìgbà 20 yóò kọ 14, ẹni tí kò rántí yóò kọ ohun tí ó bá òfin mu, ọkàn rẹ̀ yóò sì sọ fún un pé kò purọ́. Òfin tí ó fẹ́ yan olóòótọ́ wá di òfin tí ń kọ́ ènìyàn ní ìṣirò èké. Ní ọdún 2007 ni wọ́n pa kíkà náà tì, wọ́n ní bí ọdún 3 bá ti kọjá láti ìgbà tí ènìyàn mu ún kẹ́yìn, kí ó wá.

Síbẹ̀, ó ṣì le jù. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2014, ọ̀gá FBI nígbà náà, James Comey, sọ ní gbangba pé òun nílò àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti kojú àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n pé àwọn kan nínú wọn ń fẹ́ mu igbó bí wọ́n ti ń bọ̀ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Láìpẹ́ sí i, Sẹ́nétọ̀ Jeff Sessions bá a wí nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, Comey sì ní òun fi àwàdà mọ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Àwàdà tàbí òtítọ́, ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ní ọdún 2021, FBI dín ọdún 3 náà kù sí ọdún 1, wọ́n sì ní igbó tí ènìyàn bá mu kí ó tó pé ọmọ ọdún 18 kò ní ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Egbòogi olóró yòókù, bíi kókéènì, ṣì gba ọdún 10. Ẹni tí ó bá tà á, tàbí tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa rẹ̀, kí ó má wulẹ̀ wá.

Àwọn kan pe èyí ní ìbàjẹ́ ayé. Ní tiwa, ọgbọ́n ni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ìjọba bá ṣe ọjà náà tó bẹ́ẹ̀ tí òtítọ́ kò fi ní olùrà rárá, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu pé èké nìkan ni wọ́n ń pàtẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Gíláàsì fèrèsé fọ́ ní kíláàsì. Olùkọ́ wọlé, ó ní, "Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́, n kò ní nà án." Ọmọ kan dìde, ó ní, "Èmi ni, sà." Bí olùkọ́ bá fi pàṣán gba ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo kíláàsì ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé, wọn kò sì ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìwé ìbéèrè tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fi ń wádìí àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ àṣírí, èyí tí a mọ̀ sí SF-86, mọ èyí. Ó béèrè nípa egbòogi olóró láàárín ọdún 7 tí ó kọjá, ó sì ṣe ìlérí níbẹ̀ gan-an pé a kò ní lo èsì òtítọ́ tí ènìyàn bá fi sí abẹ́ ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí láti fi bá a ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Irọ́ kò ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú irú ìwé yìí lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura. Ẹni tí ó mu igbó tí ó sọ ọ́ lè pàdánù iṣẹ́. Ẹni tí ó purọ́ lè pàdánù òmìnira rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń dá irọ́ mọ̀, nítorí náà kí ni ìwúlò gbogbo àròyé yìí? Lóòótọ́ ni wọ́n ní i, FBI àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ń lò ó. Wọ́n á so ó mọ́ ènìyàn lára, yóò máa wo bí ó ti ń mí, bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, bí òógùn ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn olóòótọ́ tí ẹ̀rù ń bà a máa ń lù, òpùrọ́ ògbólógbòó sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Ní ọdún 1988, òfin ìjọba àpapọ̀ kọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni láti lò ó fún ẹni tí ń wáṣẹ́. Ìjọba yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti orílẹ̀-èdè náà yàn wádìí ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì sọ pé kò ṣe é gbára lé fún yíyan òṣìṣẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe dáadáa ni pé ó ń dẹ́rù bani títí a ó fi jẹ́wọ́. Ẹni tí ó ti kọ òtítọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní ohun tí yóò jẹ́wọ́.

A kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn kan ti sọ òtítọ́, wọ́n sì kọ̀ wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí òpùrọ́ tí ó jókòó tì wọ́n rí iṣẹ́ gbà. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní òfin tirẹ̀, èyí tí ìlú kan kọ̀ lè tẹ́ ìlú kejì lọ́rùn. Ní New Jersey, láti ọdún 2022, a kò lè fi ìyà jẹ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú kìkì nítorí pé ó mu igbó tí òfin ìpínlẹ̀ gbà, bí kò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ tí ó ju 20 lọ ni ó ti gba àgbàlagbà láyè láti mu ún, Colorado àti Washington ni ó sì kọ́kọ́ dìbò fún un, ní ọdún 2012. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, igbó tí ọ̀dọ́ kan rà ní Denver tí ó sì gba rìsíìtì lè dínà iṣẹ́ FBI mọ́ ọn fún ọdún kan. Ìwé tí a bá kọ sí ilé-iṣẹ́ kan sì máa ń dé ọ̀dọ̀ èkejì, nítorí àwọn tí ń ṣe ìwádìí a máa béèrè ibi tí ènìyàn ti wá iṣẹ́ rí. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí òtítọ́, wọ́n lè gbójú fò ó. Èsì méjì tí kò bá ara wọn mu kò ní àlàyé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọdọ̀ dúró lé lórí fún àwọn ọmọ wa tí wọn kò tíì di ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà. FBI kò ní gbà wọ́n rárá, ṣùgbọ́n ní Illinois, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òfin gba àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ láyè láti di ọlọ́pàá. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ́ra gidigidi. Ìlérí inú ìwé SF-86 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kan ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan. Kò kan ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ tí ó ń rí sí dídi ọmọ-ìlú kéde pé igbó, kódà èyí tí òfin ìpínlẹ̀ gbà, lè di ìdènà fún ẹni tí ó fẹ́ di ọmọ-ìlú. Kò yẹ kí ó purọ́ nítorí èyí. Kí ó kọ́kọ́ lọ rí agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìwọ̀lú kí ó tó kọ ohunkóhun, bí ewu náà bá sì pọ̀, kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró dìgbà tí yóò fi di ọmọ-ìlú.

Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, ìwádìí ti ọdún 2018 tí Ilé-Iṣẹ́ Ìṣirò orílẹ̀-èdè wa ṣe pẹ̀lú ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ni ó lo egbòogi olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn sì mu igbó. Ó dájú pé àwọn kan nínú wọn yóò rékọjá òkun. Kí wọ́n mọ̀ pé òfin FBI ka igbó tí a mu ní ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ mọ́ èyí tí a mu ní Amẹ́ríkà. Èyí tí a mu ní Mushin tàbí ní Ṣágámù kò pa rẹ́ nígbà tí bàálù gbéra. Ọmọ tí ó mu ún ní ọdún tí ó kọjá, tí ó sì ti pé ọmọ ọdún 18 nígbà náà, kí ó ka oṣù rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ku oṣù mẹ́rin kí ọdún yí po, kí ó dúró fún oṣù mẹ́rin náà, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́, lẹ́yìn náà kí ó kọ ọjọ́ náà gan-an sínú ìwé kí ó tó fi ránṣẹ́.