Òótọ́ àbí irọ́? Omi tó dúró nídìí ẹ̀rọ ìfọbọ́

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìfọbọ́ láàárọ̀, ẹ bá omi eléèérí nílẹ̀ rẹ̀, hóró ìrẹsì méjì mẹ́ta ń léfòó. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé London tàbí Houston mọ ohun tí mò ń sọ. Ìmọ̀ràn kì í wọ́n lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbọ́n á sọ tiẹ̀, aládùúgbò á sọ tiẹ̀. Òmíràn wúlò, òmíràn lè fọ́ni lójú.

"Bí omi bá ti dúró, pọ́ńpù ti bàjẹ́ nìyẹn." Irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Omi díẹ̀ tó kù sínú kòtò abẹ́ asẹ́ kì í ṣe àléébù rárá. Òun ni kì í jẹ́ kí rọ́bà ìdí pọ́ńpù gbẹ. Èyí tó bo gbogbo ilẹ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, asẹ́ sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná. Ẹ fi ife gbọ́n omi rẹ̀ sínú garawa, kí ẹ fi kànìnkànìn fa ìyókù. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ó yí asẹ́ náà sí òsì ni, yóò tú, ẹ ó fà á yọ. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi máa gba inú ihò rẹ̀ kọjá. Kòtò abẹ́ rẹ̀ ló kàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí àfọ́kù ife máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú eegun ẹja, igi ìtayín àti bébà tó ṣí lára ìgò. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tí omi kò tún lọ, ẹ lọ sábẹ́ síńkì, ẹ gbé abọ́ sílẹ̀, kí ẹ tú họ́ọ̀sì ẹ̀rọ náà níbi tó ti wọnú páìpù. Ẹnu ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rá máa ń dì sí.

"Epo pupa wa ló ń dí i." Òótọ́ ni, bí kò tilẹ̀ dùn létí. Ní nǹkan bí 35°C ni epo pupa ń yọ́. Inú ẹ̀rọ máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà epo á yọ́, á bá omi jáde. Nígbà tó bá wá kan páìpù tútù lábẹ́ síńkì, pàápàá lásìkò òtútù, á dì padà. Ẹ̀gúsí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á lẹ̀ mọ́ ọn, ìrẹsì á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gúsí. Ẹ fi tíṣù nu ìkòkò ọbẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọnú ẹ̀rọ, kí ẹ sì ju tíṣù náà sínú ike ìdalẹ̀nù.

"Ẹ fọ abọ́ mọ́ tónítóní ná kí ẹ tó kó o síbẹ̀." Irọ́. Ẹ gbọn oúnjẹ ara rẹ̀ dànù, ó tó.

"Ẹ da kọ́sítíìkì sí i, á là." Irọ́ tó léwu ni! Inú ẹ̀rọ ló máa dúró sí, á máa jẹ rọ́bà àti irin, á sì bó ọwọ́ ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Fínígà àti békìn sódà ń hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa agbára ara wọn ni, ìhó wọn kò lè gbé eegun ẹja. Ẹ má ṣe da fínígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì láé: èéfín olóró ló ń ti ibẹ̀ jáde.

"Ẹ̀rọ tuntun kì í dí." Irọ́. Ní Amẹ́ríkà, ara ẹ̀rọ tó ń lọ pàǹtí oúnjẹ lábẹ́ síńkì ni wọ́n sábà máa ń so họ́ọ̀sì mọ́. Ìdérí ike kékeré kan wà lẹ́nu ibẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ẹni tó so ó bá gbàgbé láti yọ ọ́, omi kò ní lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí asẹ́, kòtò àti họ́ọ̀sì bá mọ́, tí omi kò sì lọ síbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ti da kẹ́míkà sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún atúnṣe náà kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.