Ìperí fún Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe àfojúsùn pé, nígbà tí yóò bá fi di 2030, obìnrin 70 nínú 100 yóò ti ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ kí wọ́n tó kọjá ọmọ ọdún 35, wọn yóò sì tún un ṣe kí wọ́n tó kọjá 45. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù wà lára ohun tí a lè fi pè wọ́n.

Ìṣòro ibẹ̀ ni àkọtọ́. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà. Bí 'ọ' kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, àyè náà dín kù sí 70, owó a sì lé sí i. Èyí a máa mú kí olùfiránṣẹ́ yọ àmì kúrò. 'Ọrùn' a wá di 'orun', òǹkàwé sì lè pè é ní 'ọ̀run'. Ta ni yóò jẹ́ ìpè àyẹ̀wò ọ̀run?

Nítorí náà, a fara mọ́ 'ẹnu ilé-ọmọ', nítorí pé 'enu' kò ṣini lọ́nà. 'Àyẹ̀wò' nìkan kò sì tó, nítorí aláìsàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni a ń pè. A dábàá 'àyẹ̀wò ṣáájú àìsàn'. Ìperí tí yóò gba orí fóònù kọjá gbọ́dọ̀ yéni, ìbáà ní àmì, ìbáà má ní.