Bí Ọwọ́ Lásán Ṣe Di Ohun Ìjà

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alápatà ní Ìpàtà, ní Ìlọrin, yóò gbà pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Màlúù ni wọ́n ń gbé ṣubú, egungun ni wọ́n ń fi àáké là, èjìká ni wọ́n sì fi ń ru odidi itan kọjá láàárín èrò ọjà àti igbá tòmátì. Inú irú ara tí iṣẹ́ yìí máa ń mọ ni dambe ti jáde, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ilẹ̀ Haúsá tó jẹ́ pé àwọn alápatà ló gbajúmọ̀ jù nídìí rẹ̀ láyé àtijọ́. Ìlọrin kò sì ṣàjèjì sí Haúsá. Nínú Balógun mẹ́rin tó wà nílùú náà, ọ̀kan ni Balógun Gàm̀bàrí.

Nígbà ìkórè, tí owó bá wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn alápatà a máa ti abúlé dé abúlé láti pa ẹran. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, wọn a pe àwọn gìrìpá ibẹ̀ níjà. Kàlàǹgú, ìlù tí a mọ̀ mọ àwọn alápatà Haúsá, a máa dún, wọn a máa ki àwọn oníjà, èrò a sì yí wọn ká.

Òfin ìjà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni oníjà fi ń lu ènìyàn, èyí tó lágbára jù. Aṣọ òwú ni wọ́n máa wé mọ́ ọn, wọn a wá fi okùn dì í pinpin títí yóò fi le bí igi. Ọwọ́ yìí ni ọ̀kọ̀. Ọwọ́ kejì kò ní okùn; àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà ní ṣíṣí, òun ni wọ́n fi ń gba ẹ̀ṣẹ́ dúró, òun ni asà. Ẹsẹ̀ náà lè ta ìpá, kódà ìgbà kan wà tí àwọn kan ń wé ṣéènì mọ́ ọn. Ìpele mẹ́ta ni ìjà, kò sí aago tó ń kà á. Bí ọwọ́, orúnkún tàbí ara ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, wọ́n ti "pa" á nìyẹn, ìpele náà sì parí.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tó mú ohun ìjà wá, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ àti asà wà lójú agbo. Ohun tí òfin ń ṣọ́ ni okùn. Láyé ọjọ́sí, àwọn kan máa ń ki okùn náà bọ inú oje igi tí wọ́n da àfọ́kù ìgò sí. Wọ́n ti ka ìyẹn léèwọ̀, nítorí pé ọwọ́ tó bá ti ní ìgò lára ti kúrò ní ọwọ́.

Ibi tí ọwọ́ pin sí tí ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ náà ló ti ń da àwọn tó ń ṣe eré kan ní Amẹ́ríkà láàmú láti ọdún 1975. Dungeons & Dragons ni wọ́n ń pe eré náà. Gary Gygax àti Dave Arneson ló dá a sílẹ̀, ó sì jáde ní 1974. Ẹ rò ó bíi lúdò tí ọmọ orí pátákó rẹ̀ ní orúkọ, ìwà àti ìtàn: ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ohun tí jagunjagun wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó bọ́ sí i. Idà ní iye ìpalára tirẹ̀, àáké ní tirẹ̀.

Ní 1975, ìwé àfikún kan tó ń jẹ́ Blackmoor mú mọ́ńkì wọ inú eré náà, ẹlẹ́sìn tó ń fi ọwọ́ lásán jà. Àsìkò náà ló bí i. Fíìmù Bruce Lee, Enter the Dragon, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1973 ni, gbogbo ayé ló sì ń ju ẹsẹ̀ sókè. Àwọn àgbà tó mọ ilé sinimá nígbà náà níhìn-ín pàápàá kò ní gbàgbé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọwọ́ kò ní nọ́ńbà. Wọ́n ní láti fún un ní ọ̀kan. Nínú ìwé òfin ti 1978, mọ́ńkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe ìpalára 1 sí 3, nǹkan yẹpẹrẹ. Bí ó bá ń dàgbà nínú eré, ipele rẹ̀ ń ga sí i; nígbà tó bá fi máa dé ipele 17, ó ti di 8 sí 32. Tó bá mú ohun ìjà dání ńkọ́? Ìdajì ọ̀kan péré ni wọ́n ń fi kún ìpalára rẹ̀ fún ipele kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, òfin tó ní kí ènìyàn gbé ọ̀pá ní kékeré, kó sì sọ ọ́ nù tó bá dàgbà, kò rò ó délẹ̀.

Ní 1989, wọ́n yọ mọ́ńkì kúrò nínú ìwé òfin àgbà. Ó padà ní 2000, tòun ti ohun ìjà mẹ́ta tí a dárúkọ: kama, tó jọ dòjé, nunchaku, igi méjì tí a so pọ̀, àti siangham, tó rí ṣóńṣó. Pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí nìkan ló lè yára lu ènìyàn bí ẹni tó ń fi ọwọ́ jà. Ọ̀pá kò sí níbẹ̀! Ọ̀pá tí gbogbo darandaran Fúlàní ń gbé kọ́ èjìká. Ó di 2003 kí wọ́n tó fi kún un, pẹ̀lú sai àti shuriken.

Àtúnṣe tó lọ́gbọ́n nínú dé ní 2014. Wọn ò to orúkọ mọ́. Ohun ìjà ìfojúkojú tó rọrùn láti lò, tí kò wúwo, tí kò sì gba ọwọ́ méjì, mọ́ńkì lè lò ó, òun pẹ̀lú idà kúkúrú. Iyára ara ló fi ń lò ó dípò agbára. Bí ìpalára ohun ìjà náà bá kéré sí ti ọwọ́ rẹ̀, ti ọwọ́ ni kó lò: dáìsì olójú 4 níbẹ̀rẹ̀, 6 ní ipele 5, 8 ní ipele 11, 10 ní ipele 17. Lẹ́yìn tó bá ti fi irin lù ọ́ tán, ó tún lè fi ẹ̀ṣẹ́ kan lé e. Nínú ìwé ti 2024, dáìsì náà bẹ̀rẹ̀ láti olójú 6, ó sì dé 12.

Ọ̀bẹ àti àáké kékeré wà lára ohun tí òfin yìí gbà, ní 2014 àti ní 2024. Irinṣẹ́ alápatà ni méjèèjì. Alápatà tó bá ń lọ jà dambe ní tirẹ̀, orí àtẹ ẹran ló ń fi wọ́n sí.