Ibùsùn Mẹ́fà, Ìgbànú Mẹ́rin

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò mi tí ń gbé ní ilẹ̀ Faransé pè mí lórí fóònù. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní: «Bàbá, ẹ bá wa yọ̀. A ti rí ọkọ̀ ilé tí a fẹ́ rà. Ènìyàn mẹ́fà ni ó lè sùn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ márùn-ún péré ni wá.»

Ohun tí àwọn ará Faransé ń pè ní camping-car ni mo pè ní ọkọ̀ ilé. Ọkọ̀ ni, ilé sì ni. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré sì wà pẹ̀lú. Nígbà ìsinmi, ìdílé á kó sínú rẹ̀, wọn á máa lọ láti ìlú dé ìlú. Ó ti pẹ́ tí irú ìfẹ́ yìí ti wà ní Yúróòpù. Ní ọdún 1931, oníṣòwò ará Jámánì kan, Arist Dethleffs, kan ilé kékeré kan tí ọkọ̀ lè máa fà, kí ìrìn àjò òwò má bàa ya òun àti àyànfẹ́ rẹ̀ nípá.

Mo bi ọmọ náà pé: «Ìgbànú ìjókòó mélòó ni ó wà nínú ọkọ̀ náà?» Ó dákẹ́. Ó lọ wo ìwé ọkọ̀ tí olùtà fi ránṣẹ́ sí i. Mẹ́rin ni.

Olùtà kò purọ́ fún wọn. Ibùsùn ni ó kà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó dúró ni a ń sùn nínú rẹ̀. Bí ó bá ń lọ, ìjókòó ni a ń lò. Lórí carte grise ilẹ̀ Faransé, ibi tí a kọ S.1 sí ni a ti ń rí iye ènìyàn tí ó lè jókòó, awakọ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni kí ẹni tí ó ní ọmọ kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ibùsùn.

Ó ní: «Ọmọ kékeré kò wúwo, Bàbá. Ìyá rẹ̀ á gbé e mọ́ra lórí ibùsùn.» Ọ̀rọ̀ yìí kò yà mí lẹ́nu. Àwa tí a ń wọ táksí láti Kétu lọ sí Kútọnù mọ bí ènìyàn méje ṣe ń wọ ọkọ̀ tí a ṣe fún márùn-ún. Àṣà wa ni, kò sì dára. Bí ọkọ̀ tí ń sá kílómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, ọwọ́ ìyá kò lè di ọmọ mú, bí ó ti wù kí ìyá náà lágbára tó.

Òfin Faransé sì sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìjókòó ọmọdé tí ó bá ara rẹ̀ mu. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 7, èkejì ọmọ ọdún 4, ẹ̀kẹta kò tíì pé ọdún kan. Ìjókòó ọmọdé mẹ́ta nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sọ́dọ̀ olùtà, kí wọ́n so wọ́n mọ́ ọkọ̀ níṣojú rẹ̀. Ìjókòó tí ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò gba ìjókòó ọmọdé rárá.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn náà wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní capucine, ibùsùn ńlá kan wà lókè orí awakọ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ibùsùn òkè kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Àwọn òbí ni kí ó gun òkè, kí àwọn kékeré wà nísàlẹ̀.

Ẹrù ńkọ́? Ẹni tí ó ní ìwé ìwakọ̀ B lè wa ọkọ̀ tí kò ju kílò 3500 lọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan wọn kílò 3050 pẹ̀lú awakọ̀ àti epo. Kílò 450 ni ó kù. Lítà omi 100 jẹ́ kílò 100. Ẹ ka ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, aṣọ, oúnjẹ àti kẹ̀kẹ́ ọmọ mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé àyè ti ń tán.

Gáàsì ni ó ń já mi láyà jù. Ẹnikẹ́ni tí ó mọ ohun tí èédú ń ṣe nínú yàrá tí a tì pa yóò gbọ́ mi yé. Ihò atẹ́gùn wà lára ọkọ̀ ilé; a kò gbọ́dọ̀ dí i nítorí òtútù, a kò sì gbọ́dọ̀ fi àdògán gáàsì mú inú ọkọ̀ gbóná lóru.

Wọn kò ra ọkọ̀ náà. Wọ́n kọ́kọ́ yá òmíràn fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi tán ní ọjọ́ kejì, ọmọ ọdún 4 sì ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ọkọ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyàwó rẹ̀ ni ó pè mí. Ó ní àwọn kò béèrè tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ìgbànú márùn-ún ni àwọn ń wá, ibùsùn méjì nísàlẹ̀, àti ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ọmọdé kò lè ṣí.